Wọ́n Ní Ogbó Ló Mú Ẹsẹ̀ Bàbá Mi Lọ

Káfíńtà ni bàbá mi. Ilé iṣẹ́ pákó kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn èyí ni àtọ̀gbẹ kọ lù ú, tí wọ́n sì gé ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún. Àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìjọba padà nígbà náà, nǹkan le koko, ṣùgbọ́n kì í ṣe oúnjẹ ló ń dun bàbá mi. Ìrun Jímọ́ọ̀ ló ń dùn ún. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ìlà iwájú ló máa ń wà ní mọ́sálásí. Bí èmi ọmọbìnrin rẹ̀ bá ní ká gbé e lọ, á ní òun kì í ṣe àpò ìrẹsì. Ó wá jókòó sílé, ó ń gbọ́ ìpè ìrun lójú fèrèsé.

Ilé iṣẹ́ náà máa ń fún òṣìṣẹ́ wọn tó bá di aláàbọ̀ ara ní kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, irú èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí. Ọkùnrin kan ní àdúgbò wa, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, ti gba tirẹ̀. Àtọ̀gbẹ kan náà ló mú ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì, àmọ́ ọkùnrin yẹn kò tíì pé ọgọ́ta ọdún nígbà tí tirẹ̀ ṣẹlẹ̀. Nígbà tí mo lọ béèrè ti bàbá mi, ọ̀gá tó ń mójú tó àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ẹni tó bá ti lé ní ọgọ́ta kì í ṣe aláàbọ̀ ara mọ́, àgbà ni.

"Ẹ máa tọ́jú bàbá o," ló wí. "Ogbó ló dé."

Inú bí mi débi pé mo gbàgbé agboòrùn mi síbẹ̀, mo sì kọ̀, n kò padà lọ mú un.

Àwa Ìjẹ̀bú ní rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́. Àwọn tí wọ́n bí ní sáà kan náà á jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan, wọn á jọ jẹ́ orúkọ kan, wọn á sì jọ máa lọ kí ọba lọ́dọọdún. Olórí ẹgbẹ́ bàbá mi jẹ́ àgbẹ̀ tó ń dáko lọ́nà Ìbefun. Nígbà tó wá kí bàbá mi, mo sọ ohun tí ọ̀gá yẹn wí fún un. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ méjèèjì.

"Ogbó? Ẹgbẹ́ kan náà lèmi àti bàbá ẹ. Àárọ̀ yìí ni mo ṣì kọ ebè. Ogbó éè rí tèmi mú ni?"

Ọjọ́ kan wà lọ́dún tí àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì gbọ́dọ̀ lọ fojú han ilé iṣẹ́ pé àwọn ṣì wà láàyè. Lọ́jọ́ náà, tipátipá ni bàbá mi fi gbà ká gbé òun wọ ọkọ̀. Bí a ṣe dé ibẹ̀ la bá gbogbo rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí láyé wọn. Ọlọ́dẹ kí wọn títí, kò lè ní kí wọ́n má wọlé.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ọ̀gá yẹn náà. Bó ṣe rí ẹgbẹ́ tó ṣáájú tirẹ̀ tí wọ́n ń rọ́ wọlé, ó fi àga sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú táì lọ́rùn.

"Dìde, ọmọ mi," ni olórí ẹgbẹ́ wí. "Wọ́n ní o sọ pé ogbó ló mú ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ wa lọ. Àwa tá a jọ gbó rè é. Wò wá dáadáa. Ẹsẹ̀ ta ni ogbó tún mú lọ?"

Ló bá ké orúkọ ẹgbẹ́ wọn. Àwọn yòókù dáhùn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ lu ilẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá ń lọ kí ọba. Ife tíì orí tábìlì ń gbọ̀n. Èyí tí orúnkún ń dùn nínú wọn kò gbẹ́yìn. Bàbá mi jókòó láàárín wọn, ó ń fi ẹyọ ẹsẹ̀ tó kù lu tirẹ̀.

"Èmi kọ́ ni mo ṣe òfin yẹn, ẹ̀yin bàbá," ni ọ̀gá wí.

"Ta ló ṣe é?"

"Àwọn ọ̀gá àgbà tó wà lókè ni."

"Ó dáa. À ń gòkè bọ̀."

Ọ̀gá yẹn sáré ṣáájú wọn dórí àtẹ̀gùn. Kò pẹ́ tó fi mú ọ̀gá àgbà sọ̀ kalẹ̀, ìyẹn sì ní wọn á fún bàbá mi ní kẹ̀kẹ́. Mo ti ń bú sẹ́rìn-ín nígbà tí bàbá mi ní rárá. Ó ní ìyá kan wà ní Odògbolú tó ń se oúnjẹ fún àwọn ní ilé iṣẹ́ náà nígbà kan, ẹsẹ̀ tiẹ̀ náà ti rọ, wọ́n sì ti fi ogbó lé e padà sílé. Ó ní bí kò bá kan ìyá yẹn, kò kan òun. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya aṣọ mọ́ ara mi lọ́rùn! Ọ̀gá àgbà wo àwọn arúgbó yẹn, ó wo àtẹ̀gùn rẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ ọgọ́ta ọdún ti parí lọ́jọ́ náà. Ariwo tí wọ́n pa, wọ́n gbọ́ ọ dé títì.

Kẹ̀kẹ́ ìyá Odògbolú ló kọ́kọ́ dé. Tiwa tẹ̀lé e. Ní Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀lé e, bàbá mi wọ agbádá funfun, ó yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde, kò dúró de ẹnikẹ́ni. Mo sáré bá a, mo fẹ́ bá a tì í níbi tí ọ̀nà ti ga. Ó bojú wẹ̀yìn.

"Padà sílé jàre," ó wí. "Ta ló ránṣẹ́ pè ẹ́?"

Inú mi dùn dénú egungun. Mo padà sílé.