Bàbá Èwo-Ni-Tòótọ́ àti Àwòrán Ilé Ìwòsàn Alájà Mẹ́sàn-án

Ọjọ́ tí Bàbá Èwo-Ni-Tòótọ́ pọn fáìlì sẹ́yìn wọ bọ́ọ̀sì ni gbogbo èèyàn fi ń rántí rẹ̀ títí dòní. Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ló pawọ́ pọ̀ láti kọ́ ilé ìwòsàn alájà mẹ́sàn-án: àwọn oníkọnkéré, níbi tí Bàbá ti jẹ́ olùtọ́jú àwòrán, àwọn onírin, àti àwọn tó ń fa omi òun iná. Ohun tí ọ̀kan bá yà, àwọn méjì yòókù gbọ́dọ̀ rí i, kí irin ẹnì kan má baà gba àárín páìpù ẹlòmíì kọjá. Ṣùgbọ́n fáìlì náà tóbi bí erin, bó bá sì gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ìrìn ìgbín ló ń rìn.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìpàdé ilé-iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́dọ̀ àwọn onírin ku wákàtí méjì. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ oníkọnkéré tẹ bọ́tìnì, ó ní kí gbogbo èèyàn fọkàn balẹ̀, fáìlì ti gbéra. Bàbá wo kọ̀ǹpútà, ó wo aago, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó da fáìlì sínú dísìkì kan tó rí bíi bíríkì, ó fi ìborùn ìyàwó rẹ̀ wé e, ó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn bí ọmọ oṣù mẹ́ta, ó bọ́ síta.

Nínú bọ́ọ̀sì, arábìnrin kan fọwọ́ kàn án léjìká. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yín ò mà mí o!"

"Kò gbọdọ̀ mí," ni Bàbá dá a lóhùn. "Tó bá ti mí, ó ti bàjẹ́ nìyẹn."

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn onírin, obìnrin tó jẹ́ olórí àwọn ayàwòrán wọn, Ẹnjiníà Onírin, ló bá nídìí kọ̀ǹpútà. "Bàbá, kí lẹ wá ń yọ ara yín lẹ́nu sí? Ó ti dé ìdá kan nínú mẹ́ta."

"Ẹ kú oríire," ni Bàbá wí, ó ń tú ìborùn. "Èmi ti dé tán."

Ẹnjiníà Onírin kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá nígbà náà. Ọ̀jáfáfá ni obìnrin yìí, iṣẹ́ rẹ̀ kì í falẹ̀, kò sì rí ìdí tí bàbá arúgbó kan yóò fi máa pè é lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ lórí orúkọ fáìlì. Àwòrán tó bá yà tán, á pè é ní "Ìkẹyìn". Bó bá tún un ṣe, ó di "Ìkẹyìn Tuntun". Ó di ọjọ́ kan, fóònù dún.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹnjiníà. Ìkẹyìn mẹ́rin ló wà níwájú mi báyìí. Èwo ni tòótọ́?"

"Èyí tó ní 'Pátápátá' ni, sà."

"Méjì ló ní 'Pátápátá'."

"Èyí tó ní 'Ẹ Jọ̀ọ́' lẹ́yìn ni, sà."

"Ẹnjiníà, ṣé ilé là ń kọ́ ni, àbí ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ̀?"

Láti ọjọ́ náà ló ti ṣòfin: fáìlì tí kò bá ní nọ́ńbà àti ọjọ́, òun kò ní ṣí i. Ìwé ńlá kan ló ń kọ nọ́ńbà sí, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ọ̀gá rẹ̀ gan-an fi ọ̀kan ránṣẹ́ láìní nọ́ńbà, Bàbá dá a padà kíá. Ọ̀gá fìbínú wọlé: "Èmi ni mo fi ránṣẹ́!"

"Mo mọ̀ yín, sà," ni Bàbá wí. "Fáìlì yín ni n kò mọ̀."

Ìyàwó Bàbá ní bó ṣe rí nílé náà nìyẹn. Ó lẹ nọ́ńbà mọ́ agolo ṣúgà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti iyọ̀. Lọ́jọ́ kan tó sú ìyá yìí, ó bi í pé, "Èmi ńkọ́? Èmi ẹ̀dà kelòó?" Bàbá gbójú sókè látinú ìwé ìròyìn. "Ìwọ ò ní ẹ̀dà," ló wí, ó sì ń ka ìwé rẹ̀ lọ.

Ohun tó wá yí Ẹnjiníà Onírin lọ́kàn padà ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Fáìlì àjà kẹfà ti dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ̀rọ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gé irin. Bàbá pè.

"Ìwé àwòrán mélòó ló dé?"

"Gbogbo ẹ̀ ti dé, sà."

"Gbogbo ẹ̀ kì í ṣe iye, Ẹnjiníà."

Ẹnjiníà ní ọwọ́ òun dí, ó gbé fóònù sílẹ̀. Kò tó wákàtí kan, ariwo ta lágbàlá. Ó sáré jáde, ó bá Bàbá tó jókòó sórí irin níwájú ẹ̀rọ, ó gbé ìwé ńlá lé ẹsẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó di ẹ̀rọ mú ń bẹ̀ ẹ́ kó dìde.

"Ẹ gé mi mọ́ ọn," ni Bàbá wí, "tàbí kí ẹ kà á."

Wọ́n kà á. Ìwé igba ó lé mẹ́rìnlá ló kúrò lọ́dọ̀ Bàbá, igba ó lé mẹ́tàlá ló dé. Èyí tó sọnù lọ́nà ni èyí tó fi hàn pé wọ́n ti sún òpó àtẹ̀gùn kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ká ní wọ́n gé irin yẹn, àtẹ̀gùn ì bá máa wá òpó tí yóò fara tì, kò sì ní rí i.

Ẹnjiníà mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé etí àwọn ọ̀gá, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òun. Bàbá ṣí ìwé ńlá, ó kọ nǹkan sí i. Ẹnjiníà yọjú wò ó: *Ìwé kan sinmi lọ́nà. Ó ti dé.*

"Bàbá, ẹ ò kọ orúkọ mi síbẹ̀."

"Ṣé ìwọ lo sinmi lọ́nà ni? Ìwé ni." Ó rọra dìde, ó gbọn ìpẹtà kúrò nídìí ṣòkòtò. "Ọmọ mi, lọ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i."

Kò pè é ní Ẹnjiníà mọ́ láti ọjọ́ náà.

Àìsàn ráńpẹ́ ló mú Bàbá lọ, nígbà tó ku oṣù mẹ́ta kí wọ́n ṣí ilé ìwòsàn. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n ṣí i, Ẹnjiníà Onírin mú ìyàwó Bàbá lọ wò ó. Orúkọ àwọn tó ya ilé wà lára ògiri ẹnu ọ̀nà. Ìyá kà á látòkè délẹ̀, kò rí ti ọkọ rẹ̀.

"Níbo wá ni tiẹ̀ wà?"

Ẹnjiníà dì í lọ́wọ́ mú, wọ́n gòkè dé àjà kẹfà. Ó fi ibi tí irin àtẹ̀gùn ti wọnú òpó kọnkéré hàn án. Abẹ́rẹ́ kò lè gba àárín wọn.

"Ẹ wò ó, Màmá. Irin tiwa ni, òpó tiwọn ni, wọ́n sì bá ara wọn mu. Òun nìyẹn."

Ìyá gbé ọwọ́ lé e.

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n," ló wí, "ilẹ̀kùn kíṣìnì mi ò bá férémù ẹ̀ mu rí."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu àwọn méjèèjì, débi pé nọ́ọ̀sì kan yọjú, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, àwọn aláìsàn ń sùn. Wọ́n tọrọ àforíjì. Ẹnjiníà ní kí àwọn máa sọ̀ kalẹ̀.

"Dúró ná," ni ìyá wí. Kò tíì gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò.