Míntì Lẹ́nu Ìyá Mi

Nílé wa ní Thamesmead, nílùú Òyìnbó, míntì pé oríṣiríṣi. Súìtì tí Mummy, ìyá tó bí mi, máa ń lá nínú bọ́ọ̀sì tí wọ́n bá ń lọ sí ọjà Woolwich, míntì ni. Ọṣẹ ìfọyín, míntì. Owó tuntun tí ẹnikẹ́ni ò tíì ká, míntì ni wọ́n ń pè é l'Ékòó. Kódà síkáàfù tí mo rà fún wọn nígbà Iléyá, ẹni tó tà á ní àwọ̀ míntì ni. Mummy ní àwọ̀ wo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣé lílá ni àwọn fẹ́ lá a ni?

Ewé rẹ̀ ló dá ìjà sílẹ̀. Mummy rí i lẹ́yìn ilé wa, wọ́n já a, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ní efinrin ni. Mo ní kì í ṣe efinrin. Wọ́n ní ṣé èmi ni mo bí àwọn ni? Ni wọ́n bá rẹ́ ẹ sínú ọbẹ̀ ẹran. Ẹ gbà mí o! Àfi bí ìgbà téèyàn ń fi ọbẹ̀ fọ eyín. Ọkọ mi jẹ tiẹ̀ tán nítorí pé àna ẹ̀ ló sè é. Èmi ò lè jẹ ẹ́, Mummy sì bá mi bínú dọjọ́ kejì.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni rọpárọsẹ̀ gbé wọn ṣánlẹ̀ nínú kíṣìnì. Ẹnu wọn wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu wọn wá di ẹni tó ń kùn sínú. Ní ọsíbítù tí a gbé wọn lọ, wọn ò jẹ, wọn ò mu. Lọ́jọ́ kan nọ́ọ̀sì Òyìnbó kan fẹ̀rín pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ó ní ìyá mi ń tọrọ míntì, láti àárọ̀ ló ti ń tọrọ ẹ̀. Inú mi dùn. Ẹni tó bá ṣì ń tọrọ nǹkan, ayé ò tíì sú u. Mo ní ohun yòówù kó jẹ́, màá fún wọn kí wọ́n tó lọ.

Mo sáré lọ sí súpámákẹ́ẹ̀tì, mo ra súìtì wá. Nọ́ọ̀sì ní kò gbọdọ̀ há wọn lọ́fun, ló bá fi fóòmù kékeré orí igi tó ní adùn míntì nù wọ́n lẹ́nu dípò ẹ̀. Mummy yíjú kúrò. "Míntìì," ni wọ́n ń wí. Mo já ewé lẹ́yìn ilé, mo gbé e sí wọn nímú. Wọ́n yíjú kúrò. Mo wé síkáàfù fún wọn, ara wọn rọlẹ̀ díẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lu ìrọ̀rí, wọ́n fi nu ojú. "Míntìì." Mo bi wọ́n pé míntì wo, Mummy, ẹ jọ̀ọ́, míntì wo? Omi bọ́ lójú wọn. Ó kù díẹ̀ kí orí mi dàrú.

Ọ̀rẹ́ wọn kan ní Plumstead, Auntie àgbà tí wọ́n jọ máa ń kírun Jímọ̀, ló wá wò wọ́n. Auntie jókòó, wọ́n ń wo ọwọ́ yẹn bó ṣe ń lu ìrọ̀rí, tó ń nu ojú. Wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n ní:

"Ta ló sọ fún ẹ pé míntì ni wọ́n ń sọ? *Mi ò tíì* ni. Mi ò tíì kírun. Àlùwàlá ẹni tí ò lè débi omi ni wọ́n ń ṣe yẹn."

Mo káwọ́ lérí. Yorùbá tí wọ́n fi rẹ̀ mí lẹ́kún, mo wá gbọ́ ọ ní Òyìnbó, nítorí Òyìnbó ló kọ́kọ́ túmọ̀ ẹ̀ fún mi.

Auntie kírun sókè, Mummy ń fi ojú àti ìka kan tẹ̀ lé e. Bí a ṣe parí, Mummy sùn fọnfọn. Mo sọ fún gbogbo nọ́ọ̀sì tí mo bá níbẹ̀ pé ìrun ni wọ́n ń wí, kì í ṣe míntì. Ṣùgbọ́n iyè Mummy ò dúró mọ́. Wọ́n á kírun tán, kò ní pẹ́, wọ́n á tún ní àwọn ò tíì. Mo ní, "Ẹ ti kí i, Mummy. Ọlọ́run ti gbà á." Wọn ò gbà mí gbọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n pè mí láti ọsíbítù pé Mummy ti lọ, nọ́ọ̀sì kan tí n kò rí rí ló dúró tì mí, ọmọ kékeré, ojú òun náà pọ́n. Ó fẹ́ tù mí nínú. Ó ní ìyá mi ò jìyà. Ó ní bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ ló tọrọ míntì, òun sì fún un, òun fi fóòmù nù ún lẹ́nu dáadáa títí tó fi dákẹ́.

Àsìkò ìrun àsùbáà nìyẹn. Ọkàn mi gbọgbẹ́. Mo dì mọ́ ọmọ ọlọ́mọ, mo ní ó ṣeun. Ó bi mí bóyá ìyá mi fẹ́ràn míntì gan-an ni.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.