Rùkáyátù Kò Tẹsẹ̀ Bọ Omi

Bí ẹ bá gba Moniya kọjá, tí ẹ yà sọ́wọ́ òsì kí ẹ tó dé Akínyẹlé, tí ọ̀kadà sì gbọ̀n yín bí ẹni ń ku èlùbọ́, ẹ ó dé abúlé wa. Ilé Rùkáyátù ni àkọ́kọ́ lẹ́yìn mọ́sáláásí, tèmi ló tẹ̀lé e. Èmi ni wọ́n ń pè ní Tíṣà. Onítẹ̀bọmi ni mí, mùsùlùmí ni wọ́n, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí a ti jọ ń fa omi nínú kànga kan, nítorí náà ẹ má bi mí pé ta ló rán mi níṣẹ́ ìtàn yìí. Mo ju Rùkáyátù lọ lọ́jọ́ orí. Ohun tí mo bá sọ nípa rẹ̀, mo lè sọ ọ́ lójú rẹ̀.

Ata gbígbẹ ló ń tà. Ọwọ́ àwọn Gàǹbàrí tó ń já ẹrù ní Bódìjà ló ti ń rà á, á wá gbé e wá sí Moniya. Hausa ọjà tó gbọ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó í fi ná ọjà, ó sì tó í fi jà. Làmídì ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí fún un, Zubaidah, ọmọ tó máa ń kí mi láti òkèèrè kí n tó rí i.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bínú díẹ̀ ká tó máa lọ. Àwa níbí kì í sọ fún èèyàn lórí fóònù pé ẹni rẹ̀ kú. A ó ní, "Ara wọn ò yá díẹ̀, ẹ máa bọ̀ nílé." Kí onítọ̀hún má baà ṣubú sójú títì ni, àánú la fi ṣe. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ọmọdé tó ń rọ́mú gan-an mọ̀ ọ́n. A wá lo ọ̀rọ̀ náà fún òkú títí, kò kù sílẹ̀ fún ẹni tó ń ṣàìsàn mọ́.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fi pe Rùkáyátù lọ́jọ́ tí Làmídì kú. Nígbà tí Zubaidah lọ bímọ, òun náà ni: "Ara Zubaidah ò yá díẹ̀, ẹ máa bọ̀ nílé." Ó já ata sílẹ̀ lójú ọjà, ó gun ọ̀kadà, bàtà rẹ̀ kan bọ́ sọ́nà, kò dúró mú un. Ìgbà tó máa dé, àwọn ọkùnrin ti ń fọ ṣọ́bìrì. Mùsùlùmí kì í tọ́jú òkú pẹ́. Zubaidah àti ọmọ tó fẹ́ bí ti wà nínú ilẹ̀.

Rùkáyátù ò sunkún. A dúró, a retí ẹkún náà, kò wá. Àwọn tó wá kí i sunkún títí, òun ló ń sọ fún wọn pé ó tó, ó ń fún wọn lómi mu. Àwọn kan ní ọkàn rẹ̀ le. Èmi ò gbà. Ọkàn náà kú ni, bí ẹsẹ̀ ṣe máa ń kú tí èèyàn bá jókòó lé e pẹ́, tí wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́ tí kò ní mọ̀.

Ó ní àbúrò kan, Jùbrílù, tí wọ́n jọ ń gbé. Ọ̀pẹ ni Jùbrílù ń gùn tẹ́lẹ̀, ó ń kọ ẹyìn. Lọ́jọ́ kan igbà já, ó ṣubú, ẹsẹ̀ méjèèjì kò gbé e mọ́ láti ọjọ́ náà. Abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé e jókòó sí láàárọ̀, òun àti rédíò rẹ̀. Kò sí ìlú tí kò mọ orúkọ rẹ̀ nínú rédíò náà. Ẹni tó ń tètè rẹ́rìn-ín ni, ó tún ń tètè sunkún. Bí wọ́n bá kéde pé ọkọ̀ ojú omi dànù níbi kan tí kò dé rí, Jùbrílù á sunkún àwọn tó wà nínú rẹ̀.

Òun ló rán Rùkáyátù ní ìrìnàjò. Ojú mi ló ṣe. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi ní inú, n ò lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin lẹ́sẹ̀, inú yín ò ṣiṣẹ́. Ẹ lọ bá mi rìn, kẹ́ ẹ wá rò fún mi."

Mo rò pé ó ń ṣẹ̀fẹ̀ ni. Rùkáyátù dìde, ó di báàgì kékeré kan, ó lọ sí Lọ́kọ́ja lóun nìkan. Kò bá ẹnikẹ́ni rìn, kò sì mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Nígbà tó dé, ó gbé búrẹ́dì lé Jùbrílù lẹ́sẹ̀. Ní tiwa, ẹni tó bá ti ìdálẹ̀ bọ̀ tí kò mú búrẹ́dì dání, kò lọ síbì kankan. Ó jókòó sórí àpótí, ó ní, "Mo rí odò méjì. Wọ́n pàdé. Àwọ̀ wọn ò jọra."

"Ṣé wọ́n ń jà?" Jùbrílù bi í.

"Wọn ò jà. Ọ̀kan rí bí omi amọ̀, èkejì mọ́ díẹ̀. Wọ́n jọ ń lọ, kò sí èyí tó tètè gbà fún èkejì."

"Bíi tọkọtaya!" Jùbrílù pariwo, ó rẹ́rìn-ín, omi wá bọ́ lójú rẹ̀. Rùkáyátù ń wò ó bí ẹni tó ń yáná. Mo gbà pé ohun tó ń wá lọ nìyẹn. Tó bá dé etí odò, kò mọ nǹkan kan lára. Tó bá délé, tí ó rò ó, tí Jùbrílù sunkún rẹ̀ fún un, ìgbà yẹn ló tó rí odò náà.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ. Ó lọ sí Kàlàbá, obìnrin kan tí kò gbọ́ èdè rẹ̀ fi ọbẹ̀ ewé bọ́ ọ, ó sì fi gèlè tirẹ̀ nù ún lọ́rùn nígbà tí òjò pa á. Ó lọ sí Jọ́ọ̀sì, ó ní ẹnu òun ń rú èéfín láàárọ̀ láì mu sìgá. Ilé àwọn ìyàwó aláta tó mọ̀ lọ́jà ló ń wọ̀ sí lókè ọya. Àwọn ará abúlé ń sọ̀rọ̀: opó tó yẹ kó jókòó ti ń gbá títì kiri. Èmi náà máa ń yọ ọ́ lẹ́nu. "Rùkáyátù, àjò kì í dùn kí onílé má relé o." Á ní, "Kò dùn, Tíṣà. Kò sì korò."

Lẹ́yìn ọdún Iléyá tó kọjá, Jùbrílù gbọ́ nínú rédíò pé omi kan wà nínú igbó Yankari, lápá Báúṣì, tó ń gbóná fúnra rẹ̀ láìsí igi ìdáná. Ó ní irọ́ ni. Ó ní, "Ẹ lọ tẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi." Rùkáyátù lọ.

Kò tíì dé ibẹ̀ tí àìsàn fi gbé Jùbrílù dè. Egbò ìjókòó tó ti wà lára rẹ̀ tipẹ́ ló kó àrùn wọnú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, àwọn dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ká máa gbé e padà sílé, ká máa gbàdúrà. Orí rẹ̀ pé. Ó ní, "Ẹ pe Ẹ̀gbọ́n fún mi. Ẹ ní kí wọ́n máa bọ̀." Roheem, ọmọ rẹ̀, ọmọkùnrin tó ń tún ọ̀kadà ṣe ní Moniya, gbé fóònù. Mo wà lórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀. Ó wá mú ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ti kọ́ ọ:

"Ìyá mi, ara Bàbá ò yá díẹ̀. Ẹ máa bọ̀ nílé."

Òótọ́ pọ́ńbélé ló sọ! Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọn ò sọ ohun tí ẹnu tó mẹ́nu jù ń fà. Ká ní ó sọ pé, "Wọn ò tíì kú, wọ́n ń bèèrè yín," ọ̀rọ̀ ì bá ti tán. Rùkáyátù dá a lóhùn pé, "Ó dáa," ó sì pa fóònù rẹ̀. Nígbà tí mo gba fóònù náà láti là á yé e, kò wọlé mọ́. A pè é títí ilẹ̀ fi ṣú, a pè é lọ́jọ́ kejì. Nínú yàrá, Jùbrílù ń bèèrè pé ibo ni wọ́n dé.

Báúṣì ló wà, nínú ọkọ̀ tó ti kún, tó ń lọ síbi omi náà. Òun ló padà sọ fún mi. Ó ní, "Tíṣà, mo ti sáré lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní wọ́n ti sin ín kí fóònù tó dún. Kí ni mo tún fẹ́ sáré lọ bá? Ṣọ́bìrì?" Ó pa fóònù nítorí pé kò fẹ́ gbọ́ ẹkún ẹnikẹ́ni. Dírẹ́bà ṣáná, ọkọ̀ ń lọ, òun náà ò sọ̀ kalẹ̀.

Ó dé ibi omi náà. Ó jókòó sórí òkúta létí rẹ̀ pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń lúwẹ̀ẹ́, wọ́n ń pariwo. Ọ̀bọ ńlá kan já àpò ọmọbìnrin kan gbà, gbogbo ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Ó wà níbẹ̀ títí wọ́n fi ní ilẹ̀ ń ṣú. Kò rò nǹkan kan, kò sì ṣe é bíi pé nǹkan kan ń dùn ún. Ta ló fẹ́ rò ó fún? Ó sùn sílé obìnrin aláta kan ní Báúṣì, ó sì wọkọ̀ padà.

Nígbà tí ọkọ̀ dúró ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn oníbúrẹ́dì sáré bò ó, wọ́n ń na búrẹ́dì gba ojú fèrèsé. Ó ti fèrèsé.

Mo rí i nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ilé. Ó wo àgbàlá, kò rí àga, kò rí èrò, ó gbà pé àwọn tó wá sìnkú ti tú ká. Ó wo abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ṣófo. Mo dìde, mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ó ti ń kọjá lára mi, ó ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ìnnálílláhì." Ohùn kan ti inú yàrá jáde, ohùn tó ti gbẹ:

"Ẹ̀gbọ́n? Búrẹ́dì mi dà?"

Rùkáyátù dúró. Báàgì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wọlé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Jùbrílù ti gbẹ, ojú nìkan ló kù lára rẹ̀.

"N ò rà á," Rùkáyátù ní.

"Kò burú. Ẹ rò fún mi. Kí lẹ rí?"

Ó la ẹnu, kò rí nǹkan kan. Obìnrin tó la ilẹ̀ yìí já lọ sí Báúṣì, tó la á já bọ̀, kò mú nǹkan kan bọ̀. Mo rí i tó ń wá a nínú orí rẹ̀ bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́. Nígbà tó pẹ́, ó ní, "Ọ̀bọ kan já àpò gbà lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan."

Jùbrílù rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà di ikọ́, Roheem gbé e lórí sókè títí ó fi rọlẹ̀.

"Omi náà ńkọ́? Ṣé ó gbóná lóòótọ́?"

"N ò mọ̀. N ò tẹsẹ̀ bọ̀ ọ́."

"Ẹ dé ibẹ̀, ẹ ò tẹsẹ̀ bọ̀ ọ́?"

"Mo rò pé o ti kú ni, Jùbrílù."

Roheem kọjú sí ògiri. Jùbrílù wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ́, kò bínú rárá. Ó ní, "Bí mo tilẹ̀ ti kú, kí ló ní kẹ́ ẹ má tẹsẹ̀ bọ̀ ọ́?"

Rùkáyátù na ọwọ́, ó dì í ní ọwọ́ mú. Roheem sáré lọ ra búrẹ́dì ní Moniya, Jùbrílù jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, ó ní kì í ṣe búrẹ́dì ìrìnàjò, pé òun mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán, ó kú. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti sin ín. Rùkáyátù fún àwọn tó ń sunkún lómi mu.

Nígbà tí wọ́n ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ tán, ó tún di báàgì rẹ̀. Àwọn ará abúlé ní orí rẹ̀ ti dàrú. Èmi ò yọ ọ́ lẹ́nu lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tó padà dé, kò wọ ilé tirẹ̀. Iwájú mi ló wá, ó gbé búrẹ́dì Ògbómọ̀ṣọ́ lé mi lẹ́sẹ̀, ó jókòó. N ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ìtàn bíi ti Jùbrílù, ojú mi gbẹ, ìbínú nìkan ló yá mi lára. Ṣùgbọ́n mo bi í ní ohun tó yẹ kí n bi í.

"Ṣé ó gbóná?"

"Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni," ó ní. "Bí omi tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ tuntun."

Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá bú sẹ́kún lójú mi. Ó sunkún Jùbrílù, ó sunkún Zubaidah àti ọmọ tí kò wẹ̀ rí, ó sunkún títí wọ́n fi pe ìrun, kò dìde. N ò sọ fún un pé ó tó. Mo gé búrẹ́dì náà, mo fún un, mo sì jẹ tèmi.