Owú Tí Mo Jẹ́wọ́ Rẹ̀ ní Kóòtù Ìfọ́n

Òórùn gàrí tí wọ́n ń yan lẹ́yìn kóòtù ìbílẹ̀ kan ní Ìfọ́n ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, nítorí ebi ń pa mí láàárọ̀ ọjọ́ náà, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ó ti pé oṣù márùn-ún tí iléewé aládàáni tí mo ti ń ṣe tíṣà ní Ìlobù ti kógbá sílé. Èmi àti ìyá ọmọ mi ti túká ṣáájú ìgbà náà, ó ti mú ọmọbìnrin wa, ọmọ ọdún mẹ́fà, lọ sílé bàbá tirẹ̀ ní Ìfọ́n, ó sì pè mí lẹ́jọ́. Kì í ṣe ọjọ́ ìdájọ́. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ kò ju ohun tí màá máa mú wá fún oúnjẹ ọmọ títí ẹjọ́ yóò fi parí.

Mo ti to àlàyé mi jọ pé kò síṣẹ́. Àfi bí ọ̀kadà kan ṣe dúró níwájú kóòtù. Télọ̀ tí mo gbọ́ pé ó fẹ́ fẹ́ ìyá ọmọ mi ló gùn ún, ọmọ mi wà níwájú rẹ̀, ìyá wà lẹ́yìn. Ọkùnrin náà gbé ọmọ sọ̀kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń so okùn bàtà tuntun tó wà lẹ́sẹ̀ ọmọ mi. Ọmọ náà gbọ́wọ́ lé e lórí kó má baà ṣubú, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe sí mi. Ọ̀rẹ́ mi, mo ti jowú nítorí obìnrin rí, ṣùgbọ́n ti ọjọ́ yẹn ta mí láyà bí ata. Pé ó fẹ́ fẹ́ ìyá kò dùn mí tó bí ọwọ́ kékeré yẹn ṣe sinmi lórí rẹ̀.

Nígbà tí adájọ́, bàbá àgbà kan, bi mí léèrè ohun tí agbára mi ká, mo dárúkọ iye owó tí n kò gbà rí nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìyá ọmọ mi yíjú wò mí. Adájọ́ wá bèèrè iṣẹ́ tí mo ń ṣe, mo ní n kò níṣẹ́. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

“Kí ló dé tó o fi pe iye yẹn?”

“Owú ni, sà. Ẹlòmíì ló ń ra bàtà fún ọmọ mi.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Adájọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ìyá ọmọ mi ló kúnlẹ̀, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀.

“Ẹ má bínú, sà. Ìyá bàbá ọmọ mi ní Ìlobù ló fi bàtà yẹn ránṣẹ́. Wọ́n ní n má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ àwọn mọ̀, kí ojú má baà tì í.”

Ilẹ̀ kò lanu kí n wọ̀ ọ́. Adájọ́ bi mí bóyá ilé wa ní oko, mo ní bàbá mi ń dáko, ó wá ní kí n máa mú oúnjẹ wá láti ibẹ̀ títí màá fi ríṣẹ́, ó sì pa á láṣẹ pé èmi fúnra mi ni kí n máa gbé e wá lọ́jọ́ Sátidé, kí n má fi rán ẹnikẹ́ni.

Mo ti ríṣẹ́ báyìí, télọ̀ náà sì ti gbé ìyá ọmọ mi níyàwó. N kò ní purọ́ fún ọ, mo ṣì ń jowú rẹ̀, torí òun ló ń gbọ́ ohùn ọmọ náà láràárọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ pé gbogbo ìgbà tí mo fi jókòó sílé, tí n kò lọ wo ọmọ mi torí pé ọwọ́ mi ṣófo, èmi ni mo ń fàyè mi sílẹ̀ fún un. Tí mo bá dé Ìfọ́n ní Sátidé, ọmọ mi kì í wo ohun tí mo gbé dání. Ohun tó máa ń bi mí ni, “Ṣé ẹ ò ní tètè lọ?”