Iná Tó Tẹ̀ Lára Ògiri Yábà

Ẹnu Bàbá Ọlọ́dà ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn iná tó tẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀dà kíkùn ni bàbá náà ṣe dàgbà ní ìlú Oǹdó. Bí ẹ bá rí orúkọ ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ kan níbẹ̀ tí lẹ́tà rẹ̀ ní òjìji lẹ́yìn, bí ẹni pé ó fẹ́ bọ́ sílẹ̀ lára ògiri, ọwọ́ wọn ni. Wọ́n ní nígbà tí àwọn ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, ọkùnrin kan tó ń ta fìtílà ní Yábà, àdúgbò kan ní Oǹdó níbẹ̀, pe àwọn pé kí àwọn wá ya lántánì sí iwájú ṣọ́ọ̀bù òun. Wọ́n ya ìgò rẹ̀, wọ́n ya irin ìgbámú rẹ̀, wọ́n wá ya iná inú rẹ̀. Iná náà tẹ̀ sápá òsì, bí ìgbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ ẹ.

Oníṣọ́ọ̀bù jáde, ó wò ó, ó fajú ro.

"Ọ̀gá ọlọ́dà, kí ló ṣe iná mi tó fi wọ́? Inú ìgò ló kúkú wà, atẹ́gùn wo ló ń fẹ́ ẹ níbẹ̀?"

"Iná tó bá dúró ṣánṣán, àwòrán ni," Bàbá Ọlọ́dà dá a lóhùn. "Èyí tó bá tẹ̀, ó ń jó ni."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí Bàbá Ọlọ́dà bá sọ ọ́ débẹ̀, wọ́n á na ìka sí mi: "Lọ wò ó. Ó ṣì ń jó."

Fọ́tò ni iṣẹ́ tèmi. Ìsìkan ní Àkúrẹ́ ni mo ti kọ́ ọ, ibẹ̀ náà ni mo sì dúró sí: ìgbéyàwó, ìkómọ, ìsìnkú, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Nígbà tí ọdún wá le, tí owó ọkọ̀ láti Àkúrẹ́ sí Oǹdó ń gòkè bí ẹni tó gun àkàbà, àwọn èèyàn dín ayẹyẹ kù, wọ́n sì ń fi fóònù ọwọ́ wọn ya ìwọ̀nba tó kù. Ọwọ́ mi dilẹ̀, ojú mi wá là sí ìgboro. Ṣọ́ọ̀bù tí bàbá dá sílẹ̀, tí ọmọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ọmọ ọmọ kò rójú dúró tì mọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tì pa. Ilé búrẹ́dì lọ, ilé aránṣọ lọ. Kí wọ́n tó tún ògiri kùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya orúkọ wọn pamọ́. Ìyàwó mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Bàbá Tóyìn, ògiri ò ní pè ọ́ síbi ìkómọ o."

Mo gbádùn iṣẹ́ náà. Onígbàjámọ̀ kan wà nítòsí Ọjà Ọba, tó ní pátákó tí wọ́n ya orí oríṣiríṣi sí. Irun wọn yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ojú kan náà ni gbogbo wọn ní. Mo bi í léèrè. Ó ní, "Ojú bàbá ìyàwó ẹni tó yà á ni. Wọn ò tíì fún un níyàwó nígbà yẹn, ó ń wá ojúure." Mo ní ṣé wọ́n padà fún un? Ó ní, "Ṣé ìwọ ò rí i bó ṣe yà á kó lẹ́wà ni?"

Ọ̀rọ̀ òòrùn ló ṣòro jù nínú iṣẹ́ yìí. Bí òòrùn bá wà ní àtàrí, ògiri àtijọ́ á ṣá bí ojú ẹni tí ibà ń ṣe. Ṣùgbọ́n tó bá ti rọ̀ wálẹ̀, tó ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, gbogbo ipa búrọ́ọ̀ṣì á yọ síta, ọ̀dà tó ti ṣá á tún jí. Òòrùn ẹ̀gbẹ́ la máa ń pè é. Kì í pẹ́ kó tó lọ, kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni Dáre pè mí. Òun ni ọmọ oníṣọ́ọ̀bù fìtílà Yábà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Tíṣà ni ní Àkúrẹ́. Bàbá rẹ̀ ti kú tipẹ́, ìyá rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Alátùpà, ló ń ta ọjà náà títí tí ọjà fi kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó ní àwọn ti ta ilé náà, ẹni tó rà á yóò wó o lọ́jọ́ Mọ́ńdè, màmá sì ń bọ̀ wá bá òun gbé. Ara sìmẹ́ńtì ni iná Bàbá Ọlọ́dà wà, kò ṣeé yọ gbé lọ bíi pátákó. Bí mi ò bá yà á, ó tán nìyẹn.

Ní Sátidé, mo wọkọ̀ lọ sí Oǹdó, mo bá Ìyá Alátùpà lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilẹ̀kùn tó tì, Dáre dúró tì wọ́n. Mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n súre fún mi. Èdè Oǹdó ni wọ́n ń sọ. Mo yí i sí ti ìwé níbí kí gbogbo wa lè jọ gbọ́ ọ. Mo gbé kámẹ́rà sójú láti wo bí ògiri ṣe rí, wọ́n bá na àtẹ́lẹwọ́ dí i.

"Gbé nǹkan yẹn sílẹ̀. Ta ní í ya ẹni tó ń sùn?"

Dáre sáré ṣí ilẹ̀kùn. Mo tún gbé kámẹ́rà.

"Ó ti ṣí, kò tíì jí," ni wọ́n wí. "Ṣọ́ọ̀bù tí kò tíì ta àkọ́tà, kò tíì jí. Fọ́tò tí o fẹ́ yà yìí, nǹkan lo fẹ́ gbé jáde níbí. Bàbá Dáre kì í jẹ́ kí wọ́n gbé ohunkóhun jáde nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, títí kan ilẹ̀ gbígbá, kí wọ́n tó ta àkọ́tà."

Ẹni bá ń tajà mọ ohun tí àkọ́tà jẹ́: ọjà àkọ́kọ́ tí a tà lóòjọ́, òun ló ń lànà fún ìyókù. Mo fa owó yọ, mo ní kí wọ́n ta òwú fìtílà kan fún mi.

"Ìwọ tí o wá ṣiṣẹ́ fún wa? Ọmọ ilé ni ẹ́. Ọmọ ilé kì í ṣe àkọ́tà."

Dáre yọ́ kọjá sí òdìkejì títì, ó bá onídìrí kan sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Kò pẹ́ tí obìnrin náà dé, ó ń fi ẹ̀rín pamọ́.

"Ẹ káàsán, Mà. Mo fẹ́ ra fìtílà."

"Sísí, fìtílà wo? Ìwọ tí jẹnẹrétọ̀ rẹ ń bú láti àárọ̀ tí mi ò gbọ́ ohun tí ara mi ń rò?"

Onídìrí bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, èmi kọ́, ọmọ yín ló rán mi o!"

"Mo mọ̀. Láti kékeré ni kò ti mọ irọ́ í pa. Padà sídìí irun rẹ, mo dúpẹ́."

Inú bí Dáre. "Màmá, wọ́n máa wó o ní Mọ́ńdè! Ta ló ń ra fìtílà mọ́? Ẹ jẹ́ ká kúkú yà á lọ́la."

"Ọ̀la ọjọ́ Ìsinmi? Ṣọ́ọ̀bù yìí ò ṣí lọ́jọ́ Ìsinmi rí." Wọ́n gbé ojú sí ògiri. "Kí wọ́n wó o. Mo ti gbà. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní ya òkú rẹ̀ lé mi lọ́wọ́."

A jókòó. Àwọn tó ń kọjá ń kí wa, wọn ò ra nǹkan kan. Nígbà tó yá, òòrùn rọ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, mo sì rí ohun tí Bàbá Ọlọ́dà ń wí. Ìgò náà tàn, irin rẹ̀ dúdú, iná náà tẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ́tí sí nǹkan. Ó jí ṣáájú ṣọ́ọ̀bù. Mo lè dọ́gbọ́n sọdá títì kí n yà á láti ọ̀hún, màmá kò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí olóhun bá fi lé mi lọ́wọ́ ni mo ń yà. Èyí tí mo bá jí, ẹnu wo ni n ó fi ròyìn rẹ̀? Mo gbé kámẹ́rà lé itan. Òjìji ilé iwájú ti ń gun ògiri bọ̀ láti ìsàlẹ̀.

Ọ̀kadà kan ya wá. Ọkùnrin àgbẹ̀ kan ló gùn ún, pẹ̀lú àpò iṣu lẹ́yìn àti lántánì tí kò ní ìgò.

"Ẹ kú ọjà o. Háà, ibí rèé! Bọ́lọ́rundúró ni mo ti ń bọ̀, mo ti wá ìgò èyí káàkiri. Gbogbo ibi tí mo dé, wọ́n ní kí n ra fìtílà olóòrùn, sólà yẹn. Mo ti ra olóòrùn, òjò pa á. Bàbá mi ló ní tí mo bá dé Yábà, kí n má bi ẹnikẹ́ni, kí n ṣáà gbójú sókè. Ibi tí mo bá ti rí iná tó tẹ̀, ibẹ̀ ni."

Dáre wo màmá, èmi náà wo màmá. Wọ́n dìde.

"Gbé e wá kí n rí i."

Wọ́n wọlé, wọ́n tú ìgò kan nínú bébà ìròyìn tó ti pọ́n, wọ́n fẹ́ eruku rẹ̀ nù, wọ́n sì fi sí lántánì. Ó wọ̀ ṣẹ́kẹ́. Wọ́n dá iye lé e.

"Ah, Màmá! Ẹ bá mi dín in."

"Màmá, ẹ fún un lọ́fẹ̀ẹ́," ni Dáre ń yọ́ sọ, "ẹ kúkú ń kó lọ."

"Ọ̀fẹ́ kì í ṣe àkọ́tà! Oníbàárà, iye tí mo pè é náà ni. Àbí bàbá rẹ ò sọ fún ọ pé ìgò wa kì í sán?"

"Ó sọ bẹ́ẹ̀, Mà. Ó tún sọ pé ẹ máa ń dín in."

Ẹ̀rín pa gbogbo wa. Màmá dín in. Wọ́n gba owó, wọ́n fi kan àwọn ìgò tó kù lórí pẹpẹ, wọ́n ń wúre lábẹ́lẹ̀. Wọ́n wá yíjú sí mi.

"Ó ti jí. Fọ́tò, kí lo ń dúró dè?"

Wọ́n fa àgbẹ̀ náà mọ́ra, wọ́n ní kó tan lántánì rẹ̀ kó gbé e dání. Òjìji ti dé ìdí àwòrán nígbà tí mo yà á. Ẹ wò ó ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìsìkan: ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, màmá gbé àgbọ̀n sókè, oníbàárà dúró tì wọ́n, iná ọwọ́ rẹ̀ dúró ṣánṣán nínú ìgò tuntun, ti ara ògiri tẹ̀ lókè orí wọn.

Wọ́n wó ilé náà ní Mọ́ńdè. Mo gbé fọ́tò lọ fún Bàbá Ọlọ́dà. Wọ́n nà án jìnnà sójú, wọ́n wò ó pẹ́. "Ta ló sọ pé ó wọ́?" ni wọ́n wí.

Láti ìgbà náà, n kì í ya ṣọ́ọ̀bù kankan kó tó ta àkọ́tà. Ní Ìjù, ní Ìta-Ògbólú, ibi yòówù tí mo bá dé, n ó wá bẹ́ǹṣì jókòó, n ó sì dúró de oníbàárà. Mo ti dúró títí òòrùn ẹ̀gbẹ́ fi lọ, tí mo padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ṣùgbọ́n kò sí òkú kan láàárín àwọn fọ́tò mi.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi yìí, ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ tó wà ní àdúgbò yín, ìgbà wo lo ti ṣe àkọ́tà rẹ̀ gbẹ̀yìn?