Ọwọ́ Bàbá Múrí nínú fídíò Ṣadé

Ẹ̀yin èèyàn mi, owú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí ní kóòtù Ìkẹjà lónìí!

Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi pẹ́ńsù ya àwòrán inú ara èèyàn fún dókítà àti lọ́yà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ìyẹ̀fun pípò gé ìka mẹ́ta lọ́wọ́ Bàbá Múrí nílé búrẹ́dì kan l'Ágége. Àwòrán mọ́kànlá ni mo yà fún lọ́yà tó bá bàbá náà pẹjọ́.

Ẹ gbà mí o, fídíò tí Ṣadé fi kọ̀ǹpútà yà ni lọ́yà gbé síwájú adájọ́! Ṣadé tó jẹ́ pé èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ya eegun! Tèmi ò kúrò nínú fáìlì.

Mo tẹjú mọ́ fídíò náà, mo ń wá àṣìṣe. Ọwọ́ tí ìka rẹ̀ pé márààrún ló fi bẹ̀rẹ̀, tó ń ti ìyẹ̀fun sẹ́nu ẹ̀rọ.

Nígbà tí a jáde, Bàbá Múrí lọ bá Ṣadé.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá mi dá fídíò yẹn padà sẹ́yìn."

"Ibo lẹ fẹ́ rí, sà?"

"Ibi tí ọwọ́ mi ti pé."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n wò ó lórí fóònù rẹ̀.

Mọ́kànlá ni mo yà o. Ọwọ́ bàbá yẹn ò pé nínú ìkankan.

Ẹ má purọ́ fún mi: tó bá jẹ́ ẹ̀yin, ẹ ò ní jowú?