Ahọ́n Káfíńtà àti Ṣokoléètì Ọlọ́wọ́-Tútù

Ọjọ́ tí àdúgbò kò lè gbàgbé ni ọjọ́ tí Aránṣọ lọ ká ọkọ rẹ̀ mọ́ ṣọ́ọ̀bù Ọlọ́wọ́-Tútù, obìnrin tó ń ṣe ṣokoléètì. Ó ti gbọ́, ó ti gbọ́, etí rẹ̀ ti kún. Ó fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ, téèpù ìwọnṣọ ṣì ń fì lọ́rùn rẹ̀, sálúbàtà wà ní ẹsẹ̀ kan, èkejì ti já sọ́nà. Ó ti ilẹ̀kùn gbàà! Ta ló rí? Bàbá Káfíńtà ni, bàbá ẹni àádọ́rin ọdún, ó jókòó lórí àpótí, ó pajú dé, ó panu mọ́. Ọlọ́wọ́-Tútù dúró síwájú rẹ̀, ó ń wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò.

"Bàbá àwọn ọmọ!" Aránṣọ figbe ta. "Ṣé ibi tí wọ́n ti ń ta ìṣó nìyí?"

Bàbá kò lajú. Ó kàn na ìka kan sókè.

"Rọra, ìyá ilé," ló fi imú wí. "Kò tíì yọ́ tán."

Ìṣó tí Aránṣọ ń wí yẹn nítàn. Ogójì ọdún ni Bàbá fi ṣe káfíńtà. Nígbà tí orúnkún rẹ̀ kọ àkàbà gígùn, ó gbé òòlù sílẹ̀, ó wá ku ahọ́n. Lọ́jọ́ Sátidé kan ó ní òun ń lọ ra ìṣó, òórùn kòkó yíyan sì fà á nímú wọ ìyànà kan. Ibẹ̀ ni Ọlọ́wọ́-Tútù ti ń yan kòkó nínú yàrá kan ṣoṣo, tó ń fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù, tó ń lọ̀ ọ́ lórí ọlọ fún ọjọ́ méjì gbáko títí yóò fi di ṣokoléètì. Láti ọjọ́ náà, gbogbo Sátidé ni Bàbá ń lọ ra ìṣó. Títí ó fi kú, ẹyọ ìṣó kan kò wọlé.

Kì í kánjú fi nǹkan sẹ́nu. Etí ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Á gbé ṣokoléètì súnmọ́ etí, á ṣẹ́ ẹ. Bó bá dún kọ́, ó di jíjẹ nìyẹn. Bí kò bá dún, á dá a padà. "Èyí ò fọhùn," á ní. "Kí ni kí n bá odi sọ?"

Mẹkáníìkì kan wà tóun náà ń ṣe ṣokoléètì nínú gáréèjì rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn táyà. Inú ń bí i pé ìyànà ni Bàbá máa ń kọ́kọ́ yà sí. Ó gbé tirẹ̀ wá lọ́jọ́ kan.

"Bàbá, ẹ tọ́ ọ wò, kẹ́ ẹ sọ òótọ́. Tèmi ló dùn jù àbí tọ̀hún?"

Bàbá tọ́ ọ wò. "Ìwọ yìí, o gbàgbé kòkó sórí iná."

"Ìṣẹ́jú márùn-ún péré mà ni, Bàbá!"

Bàbá fi ahọ́n lá eyín. "Méje."

Mẹkáníìkì bojú wẹ̀yìn, bóyá ẹnìkan ló ń ṣọ́ òun.

Wọ́n ní òjòwú kò lẹ́ran láyà. Aránṣọ lẹ́ran láyà, ó lẹ́ran lápá, owú sì rí ibi gbòòrò jókòó sí. Ká má purọ́, kò rò pé ọkọ òun ń yan àlè. Orúnkún Bàbá kò gbé irú iṣẹ́ yẹn mọ́. Ohun tó ń dùn ún ni pé, bí Bàbá bá ti ìyànà dé, ọ̀rọ̀ á máa ṣàn lẹ́nu rẹ̀. Á ní tòní ń ta sánsán bí igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Á ní ó kan díẹ̀ bí ọsàn, pé èéfín ló fi parí.

"Oúnjẹ tèmi ńkọ́?" Aránṣọ béèrè. "Ọdún mẹ́tàlélógójì lẹ ti ń jẹ ẹ́."

Bàbá ronú sí i dáadáa. "Ó máa ń gbóná," ló wí.

Aránṣọ pinnu pé òun náà á ṣe ṣokoléètì. Ó ra kòkó, ó yan án, ó lọ̀ ọ́ títí apá fi ń ro ó. Ọwọ́ ló dá wàhálà sílẹ̀. Ọlọ́wọ́-Tútù ní ọwọ́ tó tutù láti inú ìyá rẹ̀ wá. Bó ti wù kó pẹ́ tó lọ́wọ́ rẹ̀, ṣokoléètì kì í yọ́. Ọwọ́ Aránṣọ sì rèé, àyọ́ọ̀nù ló ń dì mú látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó bá gbọ́n ọgbọ́n kan. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ omi tútù, ó ní ta ló kù tí ọwọ́ rẹ̀ tutù ju tòun lọ? Kò nu ọwọ́ kó tó padà sídìí iṣẹ́. Omi kán tó, ó kán tó, sínú ṣokoléètì tó ń dán bíi dígí. Kí a tó ṣẹ́jú, ó ti dì, ó ti ṣù, ó dà bí yanrìn etí odò.

Nígbà tó gbẹ, ó gbé e fún Bàbá bẹ́ẹ̀. Bàbá gbé e sétí, ó fẹ́ ṣẹ́ ẹ, kò ṣẹ́. Ó wọlé lọ mú òòlù wá.

"Ó ti rí?" Aránṣọ béèrè, nígbà tó pẹ́ tí ọkọ rẹ̀ ti pajú dé.

"Ìyá ilé," Bàbá dáhùn, "ká ní o ti ń ṣe èyí lọ́dún tí à ń kọ́lé, a kì bá tí ra sìmẹ́ǹtì."

Ọjọ́ mẹ́rin ni Aránṣọ kò fi bá a sọ̀rọ̀. Ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà ni Bàbá fi jẹ ẹ́ tán.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá sùn lórí àga, kò jí mọ́. Ikú pa Bàbá, kò pa owú. Ìbéèrè kan ń jẹ Aránṣọ lọ́kàn: gbogbo ìgbà tí ọkùnrin yìí ń pajú dé lọ́dọ̀ obìnrin yẹn, ṣé òun tilẹ̀ máa ń wá sí i lọ́kàn? Ẹnìkan ṣoṣo ló lè dáhùn. Lọ́jọ́ Sátidé kan ó dìde, ó gba ìyànà lọ.

"Ẹ kú ara fẹ́ra kù, Màmá," Ọlọ́wọ́-Tútù wí. Ó sáré gbé àga fún un.

"N ò wá jókòó. Ọ̀rọ̀ kan ni mo wá béèrè. Ọkọ mi, tó bá wà níbí, ṣé ó máa ń rántí mi?"

Ọlọ́wọ́-Tútù fi àga náà sílẹ̀. "Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ ń bi mí nìyẹn? Èmi tí mò ń jowú yín?"

"Èmi kẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni. Bàbá kì í jẹ odidi. Á gé e sí méjì, á jẹ ìdajì, á wé ìdajì kejì sínú bébà. Á ní, 'Ti ìyá ilé nìyí.' Ọdún mẹ́fà gbáko! Èmi tí mò ń ṣe é, ta ló ń wé nǹkan wálé fún mi? Bó bá ti ń wé bébà yẹn, màá bojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

Aránṣọ súnmọ́ ọn. "Ìdajì wo?"

"Èyí tó ń mú wálé fún yín."

"Sílé wo?"

Wọ́n wo ara wọn.

"Màmá... kò mú un dé rí?"

"Bébà pàápàá, n ò rí i!"

Ọlọ́wọ́-Tútù ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Aránṣọ gbè é. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di tábìlì mú, títí ẹ̀rín fi di omijé, tí ẹnikẹ́ni kò mọ èwo ni èwo mọ́. Nígbà tí ara rọ̀ wọ́n, Ọlọ́wọ́-Tútù ṣẹ́ ṣokoléètì kan. Wọ́n pín ìdajì jẹ, ó wé ìdajì kejì fún Aránṣọ.

Aránṣọ dì í mú, ó gbọ̀nà ilé. Ó ní ọ̀la lòun máa jẹ ẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ. Kó tó dé òpó iná kìíní, òórùn rẹ̀ ti ń gòkè bọ̀ láti inú bébà. Ní òpó kejì, ó ní òun kàn fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò ni, bóyá ó ti ń yọ́. Nígbà tó dé òpó kẹta, bébà ló kù.

Ó dúró níbẹ̀, ó ń lá ìka. Ó wo ọ̀nà ilé, ó wá rí i pé ó jìn gan-an ni fún ẹni tó bá gbé ṣokoléètì lọ́wọ́.

"Bàbá àwọn ọmọ," ló rọra wí, "ẹ mà gbìyànjú o."